Ṣé o mọ̀? Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé tó gba ẹ̀bùn Nobel

Ṣé o mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni òfin pàtàkì kan nínú físíìsì kúáńtọ́ọ̀mù ti kọ́kọ́ jáde? Lọ́dún 1926, Max Born, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Göttingen lórílẹ̀-èdè Jámánì, kọ ọ́ pé ìṣirò kò lè sọ ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa gbà ní pàtó. Bó ṣe ṣeé ṣe tó nìkan ló lè sọ. Nínú àlàyé kúkurú nísàlẹ̀ ìwé ló ti fi kún un pé a gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà tí ìṣirò náà bá mú jáde sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ká tó lè mọ bó ṣe ṣeé ṣe tó.

Ìjọba Hitler dá Born dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní 1933 torí pé ó jẹ́ Júù. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh ní 1936. Ọdún 1954 ni ẹ̀bùn Nobel tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Olivia Newton-John, gbajúmọ̀ olórin.