Bí Fìríìjì Bá Ń Ta Yín Lọ́wọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Prise Tí Kò Ní Wáyà Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ọjà la máa ń bá ara wa sọ níbí. Ti òní pa méjèèjì pọ̀, torí pé ọ̀rọ̀ iná tó wà nínú ilé àti nínú ṣọ́ọ̀bù wa ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa tó ń ta omi tútù àti yìnyín. Ẹ máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Fìríìjì mi yìí, bí mo bá fọwọ́ kàn án, ó máa ń ta mí." Ẹlòmíì á dá wọn lóhùn pé, "Wọ sálúbàtà, kò ní ta ọ́ mọ́." Wọ́n á wọ sálúbàtà, wọ́n á sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí o. Sálúbàtà kò wo fìríìjì sàn. Ọmọ tó bá sáré wọlé láìwọ bàtà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tutù, òun ni iná náà ń dúró dè.

Kí ni wáyà ilẹ̀ ń ṣe?

Iná tí SBEE ń gbé wá sílé wa, 220 volt ni. Wáyà méjì ló ń lò láti ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ń gbé iná wá, àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é ní phase. Èkejì ń dá a padà, wọ́n ń pè é ní neutre. Bí méjì yìí bá ti pé, gílóòbù á tàn, fìríìjì á sì tutù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi rò pé ẹ̀kẹta kò wúlò.

Ẹ̀kẹta yẹn ni wáyà ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní terre. Àwọ̀ ewé àti àwọ̀ yẹ́lò ló máa ń wà pọ̀ lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara irin ẹ̀rọ, ó gba inú prise, ìyẹn ihò iná ara ògiri, ó sì parí sára ọ̀pá irin tí a gbá wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ẹ fi wé gọ́tà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, gọ́tà kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tí kò ní i àti ẹni tó ní i, bákan náà ni ilé wọn gbẹ. Ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ la máa ń mọ ìyàtọ̀. Bákan náà ni wáyà ilẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí èèpo wáyà kan bá bó nínú fìríìjì, tí wáyà náà sì kan irin, gbogbo ara fìríìjì náà di iná. Á ṣì máa tutù, kò ní fi nǹkan kan hàn. Bí wáyà ilẹ̀ bá wà, iná tó yà kúrò lọ́nà á gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Bí kò bá sí, ara ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni yóò di gọ́tà.

Iná tó lè pa èèyàn kò sì pọ̀ rárá. Gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ 40 watt ń lò tó 180 milliampère. Bí bíi 10 péré bá gba ara èèyàn, iṣan ọwọ́ lè le gan-in, kí ẹni náà má lè jù ú sílẹ̀ mọ́. Bó bá ju 30 lọ, tó sì pẹ́ díẹ̀, èémí lè dí, ọkàn lè ṣíwọ́ iṣẹ́. Ara tó tutù àti ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ tútù máa ń jẹ́ kí iná rí ọ̀nà kọjá kíákíá.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká mọ̀. Nígbà míì, títa díẹ̀díẹ̀ yẹn kì í ṣe ti wáyà tó bó. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń jo iná díẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Àmọ́ ọwọ́ kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ti kékeré àti ti ikú. Ẹ̀rọ tó bá ń tani, ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Ẹ yẹ prise yín wò

Ẹ má ki nǹkan kan bọ ihò o, ojú nìkan ni kí ẹ fi wò ó. Prise tó yẹ kó ní wáyà ilẹ̀ nílẹ̀ wa níbí, ihò méjì ló ní, pẹ̀lú irin kékeré kan tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èyí tó jẹ́ ihò méjì nìkan, kò sí wáyà ilẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, kí irin náà wà kò túmọ̀ sí pé wáyà wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan máa ń ra prise olóríi-mẹ́ta kí ògiri lè dára, wọn kò sì so ẹ̀kẹta mọ́ ohunkóhun. Oníṣẹ́ iná ló lè yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú irinṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjà wá wà níbẹ̀. A sún mọ́ Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú fìríìjì, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tù tí à ń rà ló gba ìhà Ìgólò àti ibodè yòókù wọlé. Ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun ló wà lórí wáyà wọn, irú ti àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi òfin rẹ̀ lélẹ̀ ní 1947. Èyí tó gùn jù nínú ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni ti wáyà ilẹ̀. Tí kò bá wọ prise wa, kí la máa ń ṣe? A ra adaptateur kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹlòmíì gé orí rẹ̀ kúrò, ó so wáyà méjì péré mọ́ orí tuntun, ó sì ká ẹ̀kẹta sẹ́yìn. Iná wọ ẹ̀rọ lóòótọ́, àmọ́ gọ́tà ti dí. Bákan náà ni rallonge olórí mẹ́ta tí a ki bọ prise olóríi-méjì: wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kò débì kankan.

Àtúnṣe mẹ́ta tí kì í ṣe àtúnṣe

Àkọ́kọ́: kí wọ́n so irin wáyà ilẹ̀ mọ́ neutre nínú prise. Àwọn kan máa ń ṣe é, wọ́n á ní ó ti parí. Ewu ńlá ni. Ẹ wo àwọn wáyà tó ń ti ilé dé ilé lórí igi, èyí tí wọ́n ń pè ní toile d'araignée, bí òwú aláǹtakùn. Bí neutre bá já níbì kan lójú ọ̀nà, tó sì ṣẹlẹ̀ pé wọ́n so ó mọ́ ara fìríìjì, fìríìjì tí kò ní àléébù kankan á di 220 volt lójú ẹsẹ̀.

Èkejì: kí wọ́n so ó mọ́ páìpù omi. Bí páìpù náà bá jẹ́ ike níwájú, kò wọlẹ̀. Bó bá sì jẹ́ irin, ẹni tó ń wẹ̀ ní ìkángun kejì lè gba iná tí kò mọ ibi tó ti wá.

Ẹ̀kẹta: kí wọ́n gbá irin wọlẹ̀ lásán, kí wọ́n sì rò pé ó tó. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dènà iná tó 100 ohm, 220 pín sí 100 jẹ́ ampère 2 lé díẹ̀. Disjoncteur ampère 10 tó wà lára ògiri yín kò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, kò sì ní gé iná. Irin fìríìjì á wà bẹ́ẹ̀, á máa dúró de ọwọ́. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ pupa wa bá gbẹ, ìdènà náà á tún pọ̀ sí i.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́

Ohun tó ń dáàbò bo ara ni disjoncteur différentiel 30 mA. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ há orúkọ náà sórí, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ ó ṣe béèrè rẹ̀. Bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ nìyí: ó dà bí ìyá ọlọ́jà tó ń ka abọ́. Abọ́ 20 jáde, abọ́ 20 gbọ́dọ̀ padà. Bí 19 bá padà, ó mọ̀ pé ẹnì kan ti gba ibòmíràn, ó sì ti ilẹ̀kùn pa. Disjoncteur yìí ń ka iná tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Bí ohun tó sọnù bá ti tó 30 milliampère, á gé iná kí èèyàn tó mí.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí ẹ bá rí 300 tàbí 500 mA, iyẹn wà kí ilé má jó, kì í ṣe ti ara èèyàn. 30 ni kí ẹ wá.

Òun nìkan, láìsí wáyà ilẹ̀, ó ti lè gba ẹ̀mí là: iná á ta ẹni náà, àmọ́ kò ní pẹ́ lára rẹ̀. Bí òun àti wáyà ilẹ̀ bá jọ wà, á ti gé iná kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tò ó báyìí: différentiel 30 mA lákọ̀ọ́kọ́, níbi tí iná ti ń wọlé, lẹ́yìn náà, ọ̀pá wáyà ilẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, bíi ẹ̀yìn balùwẹ̀, lẹ́yìn náà, wáyà ilẹ̀ dé prise fìríìjì, ti áyọ́ọ̀nù àti ti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni kó ṣe é. Ìjọba wa dá CONTRELEC sílẹ̀ láti máa yẹ iná inú ilé wò. Kò burú kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná bóyá iṣẹ́ rẹ̀ lè yege níwájú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Bọ́tìnì kékeré kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ T tàbí TEST sí. Lóṣooṣù, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gé iná, ó ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá sì ń gé iná lemọ́lemọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò. Ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ lára prise, ẹ gbé e padà sókè, kí ẹ máa ki wọ́n bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gé e, òun lọ̀daràn. Kí ẹ sì rántí pé kò lè gba ọmọ tó di phase àti neutre mú papọ̀, torí pé ní ti ìyẹn, iye tó lọ náà ló ń padà. Ẹ máa bo ihò tí ọmọ lè ki irin bọ̀.

Títí dìgbà tí ẹ ó fi ṣe é

Fóònù, rédíò àti ohun tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ike, tí àmì igun mẹ́rin kan nínú òmíràn wà lára rẹ̀, kò nílò wáyà ilẹ̀. Ẹ lè máa lò wọ́n lórí prise olóríi-méjì. Ohun tó ní ara irin ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ yọ fìríìjì lára iná kí ẹ tó nù ún tàbí kí ẹ tó ha yìnyín inú rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ tútù kan án. Ẹ gbé e kúrò níbi tí omi ń dà sí. Ẹ má lo áyọ́ọ̀nù lórí ilẹ̀ tútù.

Bí iná bá gbé ẹnì kan, ẹ má dì í mú. Ẹ gé iná níbi disjoncteur. Bí ẹ kò bá rí i gé, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ ta wáyà náà kúrò lára rẹ̀. Ẹ pe àwọn panápaná lórí 118. Bó bá tilẹ̀ dìde tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, torí ọkàn lè ṣe ségesège lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́

1. Nínú ilé àwa tí a jókòó síbí, fìríìjì tàbí áyọ́ọ̀nù ta ló ń tani? Kí la ó ṣe sí i kó tó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀?
2. Ilé mélòó ló ní différentiel tí wọ́n kọ 30 mA sí lára? Ta ló ti tẹ bọ́tìnì rẹ̀ rí?
3. Bí ẹgbẹ́ bá dá owó jọ láti pe oníṣẹ́ iná kan fún ilé mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé kò ní rọrùn ju kí oníkálukú dá pè é lọ?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á lórí afẹ́fẹ́. Kí iná má ṣe gbé wa o.