Òdo ọ̀kẹ́ méjì: ṣé ìṣirò lè fi Ẹlẹ́dàá hàn wá?

Ní oṣù Kejì ọdún 2022, gbogbo Nàìjíríà gbọ́ orúkọ Ìjàgbó, ìlú tó múlé gbe Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ọ̀rọ̀ híjáàbù ló dá wàhálà sílẹ̀ ní Oyun Baptist High School, ẹ̀mí sì bá a lọ. Síbẹ̀, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹnìkejì jà lé lórí níbẹ̀: pé ẹnì kan ló dá ayé. Mùsùlùmí gbà á, Kìrìsìtẹ́nì gbà á, oníṣẹ̀ṣe náà gbà á.

Nínú iṣẹ́ Bayọ́lọ́jì ni àwọn ọmọ wọn ti máa pàdé ẹfolúṣọ̀n, nítorí ó wà lára ohun tí WAEC ń béèrè. Ìbéèrè tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ju ti Darwin lọ: ohun alààyè àkọ́kọ́ gan-an, báwo ló ṣe dé? Èsì tó gbòde kan, nínú ìwàásù àti lórí YouTube, ni pé ìṣirò ti fi hàn pé kò lè ṣèèṣì wáyé, nítorí náà Ẹlẹ́dàá wà. Ìgbàgbọ́ nínú Ẹlẹ́dàá ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó fi dúró. Ìṣirò yẹn ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Níbo ni iye náà ti wá?

Ní 1981, Fred Hoyle, gbajúgbajà onímọ̀ nípa ìràwọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Chandra Wickramasinghe gbé ìwé kan jáde, Evolution from Space. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì kan nílò ẹ́ńsáìmù bíi 2,000, ìyẹn àwọn pùrótéènì tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé kí ẹyọ kan ṣèèṣì tò bó ṣe yẹ, ẹ̀ẹ̀kan ni nínú 1 tí òdo 20 tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo 2,000 pọ̀, òdo náà di 40,000, ọ̀kẹ́ méjì gbáko. Bẹ́ẹ̀, gbogbo átọ́ọ̀mù tí wọ́n fojú bù pé ó wà nínú àgbáyé tí a lè rí kò ju 1 tí òdo bíi 80 tẹ̀ lé.

Hoyle kò tìtorí èyí di oníwàásù. Ohun tó sọ ni pé láti òfuurufú ni ìwàláàyè ti dé ayé, pé ọgbọ́n kan sì wà nídìí rẹ̀. Àbùkù tó wà lára ìṣirò rẹ̀ ni pé ó kà á sí pé gbogbo ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí gbọ́dọ̀ bọ́ sí ipò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí onímọ̀ kan tó ń ṣèwádìí orísun ìwàláàyè tó sọ bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì òde òní ni Hoyle ń ṣírò; ohun tí àwọn onímọ̀ yìí ń wá rọrùn jù ú lọ fíìfíì.

Kí ni ìṣọ̀wọ́n lè sọ fún wa?

Babaláwo lè là wá lóye níbí. Awẹ́ mẹ́jọ ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí sílẹ̀ tàbí kó dojú dé, èyí tó jẹ́ kí odù Ifá pé 256. Bí a bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ nígbà mẹ́wàá, tí a to àwọn odù tó jáde tẹ̀ léra, ìṣeéṣe pé àwọn yẹn gan-an ni yóò jáde kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 1 tí òdo 24 tẹ̀ lé. Síbẹ̀, wọ́n jáde. Èyíkéyìí mìíràn tí ì bá sì jáde, bákan náà ni ì bá ṣe ṣọ̀wọ́n.

Ẹni tó gba Ifá gbọ́ á ní Ọ̀rúnmìlà ló fọhùn. Ẹni tí kò gbà á gbọ́ á ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ kàn balẹ̀ ni. Ìṣirò kò lè parí ìjà wọn, nítorí iye kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Ohun tó lè parí rẹ̀ ni bí ẹnì kan bá ti kọ odù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀ kí wọ́n tó dà á, tó sì jáde bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Ẹlẹ́dàá ní èsì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sí èyí. Wọ́n ní ìwàláàyè kì í ṣe àtòpọ̀ kan ṣáá; ó ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń ṣiṣẹ́ kò sì tó nǹkan láàárín èyí tí kò wúlò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó kù ni bí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ní 2001, Anthony Keefe àti Jack Szostak dán an wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe pùrótéènì bíi tírílíọ̀nù 6, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní amino acid 80, ìyẹn èròjà tí a fi ń to pùrótéènì, tí a kò fi ètò kankan tò. Wọ́n wá èyí tó lè di ATP mú, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára. Oríṣi mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan ni wọ́n rí. Ìdíwọ̀n wọn ni pé ẹyọ kan ń jáde nínú nǹkan bíi 1 tí òdo 11 tẹ̀ lé. Dídi ATP mú kò tíì tó iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìdáhùn tó lè ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan péré.

Ibi tí iṣẹ́ dé, àti ibi tó kù sí

Ní 1953, Stanley Miller ní University of Chicago fi iná mànàmáná kọ lu àdàlù gáàsì àti ooru omi. Amino acid jáde. Òkúta tó já láti ojú ọ̀run sí Murchison ní Ọsirélíà ní 1969 gbé amino acid wá. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ NASA gbé erùpẹ̀ dé láti orí àpáta òfuurufú tó ń jẹ́ Bennu. Ní oṣù Kìíní 2025, àwọn onímọ̀ kéde pé 14 nínú amino acid 20 tí ohun alààyè ń lò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo lẹ́tà márùn-ún tí DNA àti RNA fi ń kọ ọ̀rọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n níní èròjà kọ́ ni wíwà láàyè. Ẹfolúṣọ̀n kò lè bẹ̀rẹ̀ àfi bí nǹkan kan bá ti lè bí irú ara rẹ̀. Thomas Cech àti Sidney Altman gba ẹ̀bùn Nobel ní 1989 nítorí wọ́n fi hàn pé RNA, tó ń gbé ìròyìn àbínibí, lè ṣiṣẹ́ bí ẹ́ńsáìmù pẹ̀lú. Ìyẹn la ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tíì sí yàrá àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀ láti orí èròjà lásán tó sì dé orí ohun alààyè. Àlàfo náà wà, kò sì yẹ ká bò ó. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ẹ̀rí.

Amọ̀, omi àti ẹmu

Amọ̀ ni ìtàn tiwa ní Ọbàtálá fi mọ ènìyàn. Bíbélì ní erùpẹ̀ ilẹ̀, Kùránì náà dárúkọ amọ̀. Graham Cairns-Smith ní Glasgow dá a lábàá pé inú amọ̀ ni ìwàláàyè ti bẹ̀rẹ̀, James Ferris sì fi hàn pé irú amọ̀ kan ń ran ègé RNA lọ́wọ́ láti so pọ̀ di gígùn. Ẹlòmíràn á ní ìwé mímọ́ ti sọ ọ́ tipẹ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ omi ni sáyẹ́ǹsì nawọ́ sí, Kùránì sọ pé láti inú omi ni gbogbo ohun alààyè ti wá. Odù tí a kọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ti balẹ̀ nìyẹn.

Ìtàn Ọbàtálá tilẹ̀ ṣe ohun tí àwọn oníṣirò kò ṣe. Ó ní òrìṣà náà mu ẹmu yó nígbà tó ń mọ ènìyàn, ìdí tí a fi ń pe afín àti abuké ní ẹni òrìṣà. Àwọn tó pa á mọ̀ pé ẹni tó bá ní ẹnì kan ló ṣe nǹkan gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tó jẹ́ àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó sì ṣàlàyé ohun tí kò rí bí a ṣe rò. Iye òdo kò sọ ìkankan nínú ìyẹn. Ìtàn kan náà ní Olódùmarè rán ẹlòmíràn níṣẹ́ ni. Bí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé RNA àti amọ̀ wà lára ohun tí a rán níṣẹ́, kò ní ìdí láti bínú.

Ohun tó lè yí ọ̀rọ̀ padà

Ayé kan ṣoṣo la mọ̀ tí ohun alààyè wà, a kò sì lè ti ara àpẹẹrẹ kan ṣírò bí nǹkan ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2024, NASA rán Europa Clipper lọ sí ọ̀kan lára àwọn òṣùpá Júpítà, láti wò ó bóyá òkun tí wọ́n gbà pé ó wà lábẹ́ yìnyín rẹ̀ lè gba ohun alààyè. Ọdún 2030 ni yóò dé ọ̀hún. Bí a bá rí ohun alààyè níbì kan lọ́jọ́ iwájú tí kò bá ti ayé tan, ìṣirò Hoyle wó nìyẹn. Bí a kò bá rí i, ìbéèrè náà ṣì wà níbi tó wà. Ẹni tó gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ lé òdo ọ̀kẹ́ méjì nìkan ló ní ìdí láti bẹ̀rù irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.