Tábìlì ẹ̀gbẹ́ àga ti Skandinéfíà

Tábìlì ẹ̀gbẹ́ àga ti Skandinéfíà jẹ́ tábìlì kékeré tí a fi igi àti gíláàsì ṣe, èyí tó gbilẹ̀ ní Dẹ́nmárkì, Swídìn àti Nọ́rwèy láàárín ọdún 1945 sí 1970. Ẹ̀gbẹ́ àga ìrọ̀gbọ̀kú ni wọ́n máa ń gbé e sí, fún ife kọfí, ìwé tàbí àtùpà.

Ní ọdún 1924 ni Kaare Klint bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa àga ṣíṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ ọba fún iṣẹ́ ọnà ní Copenhagen. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti wọn ara ènìyàn àti ohun èlò ilé kí wọ́n tó ya àwòrán àga. Láti ọdún 1927 sí 1966, ẹgbẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú náà ṣe àfihàn lọ́dọọdún, níbi tí Finn Juhl àti Hans J. Wegner ti gbé iṣẹ́ wọn jáde.

Igi máa ń fẹ̀, ó sì máa ń sún kì, bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ṣe rí. Gíláàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wọ́n máa ń gbẹ́ etí férémù wọnú díẹ̀, wọ́n á gbé gíláàsì lé e láìfi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi àyè tín-ín-rín sílẹ̀ yí i ká. Gíláàsì yìí kò bo àṣírí kankan: gbogbo oríkèé igi ni ojú ń rí láti òkè, kò sì sí ibi tí a lè fi iṣẹ́ jákujàku pamọ́ sí.

Tíìkì ni igi tó wọ́pọ̀ jù. Ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń gbìn ín sínú igbó ọba ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ tábìlì náà ni ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ni ògidì igi. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìyókù. Ẹni tó bá fi sáńpépà họ ọ́ jù yóò ba á jẹ́ pátápátá.

Àwọn kan jẹ́ igi Dalbergia nigra ti Bràsíl, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú ìlà dúdú. Láti ọdún 1992, àdéhùn àgbáyé CITES ti fòfin de káràkátà igi yìí láàárín orílẹ̀-èdè. Ẹni tó fẹ́ ta tábìlì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá ààlà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti wà ṣáájú òfin náà.

Kì í ṣe gbogbo gíláàsì ìgbà náà ni wọ́n fi iná sọ di líle. Èyí tí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí máa ń fọ́ sí èékú gígùn tó mú bí ọ̀bẹ, nítorí náà àwọn tó ní ọmọ kékeré nílé sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì tọ́jú ti àtijọ́ pamọ́.