Ṣé O Mọ̀? Ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì Nínú Láàbù

Ṣé o mọ̀ pé ìṣirò ni méjì nínú àwọn olórí ìjọ tí òkìkí wọn kàn jù ní Nàìjíríà kà? William Kumuyi ti Deeper Life gba oyè onípò kìíní nínú ìṣirò ní Yunifásítì Ìbàdàn. Enoch Adeboye, tó ń darí ìjọ Redeemed láti 1981, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Yunifásítì Èkó ní 1975. Àwọn méjèèjì ló kọ́ni ní yunifásítì. Ìwọ ọmọ fẹ́lóṣíìpù n'Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi físíìsì dẹ́rù bà, rántí wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Èkìtì wà nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta àkọ́kọ́ tó gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò? Adegoke Olubummo ni, ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì, ní 1955. Chike Obi ló ṣáájú rẹ̀. James Ezeilo ló tẹ̀ lé e.

Ṣé o mọ̀ pé dókítà ni Obadiah Johnson, àbúrò àlùfáà Samuel Johnson? Nígbà tí ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sọnù sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, òun ló jókòó tó tún un kọ, tó sì jáde ní 1921.

Ṣé o mọ̀ pé Christ's School, tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ l'Adó-Èkìtì ní 1933, ni Kayode Osuntokun ti kàwé? Wọ́n bí i l'Òkèmẹ̀sí ní 1935, ó sì di dókítà ọpọlọ àti iṣan. Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ó bá àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ìrìn wọn ń ta gọ́gọ́, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí etí sì ń di. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀, nílé wa, kíá ni wọn yóò ti wá ẹni tó ṣe é. Osuntokun tọpa rẹ̀ dé inú àwo oúnjẹ: sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe jinná, tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹja tàbí ẹran tó tó nǹkan. Ó tẹ ìwádìí náà jáde ní 1968. Wàyí o, wo ìyá rẹ n'Ísẹ̀ bó ti ń ṣe gààrí. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń rin ín, ó ń dì í sápò kó kan, ó ń gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ ro, ó wá ń yan án. Gbogbo ìpele yìí ló ń lé oró jáde. Kẹ́místírì ni ìyá ń ṣe. Ẹni tó bá sì ń kánjú nítorí ọjọ́ ọjà ló ń fi oró sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àdúgbò Òkèmẹ̀sí kan náà ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti gbéra tó fi yí ayé ká? David Morley, ọmọ àlùfáà, wá síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì n'Íléṣà ní 1956, ó sì ń ṣèwádìí n'Ímẹ̀sí-Ilé, nítòsí Òkèmẹ̀sí. Ó rí i pé kí àìsàn tó gbé ọmọ lọ, ọmọ náà á ti dẹ́kun títẹ̀wọ̀n sí i. Ó ṣe káàdì tí wọ́n ń sàmì ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, ó sì fi í lé ìyá ọmọ lọ́wọ́, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti dán àjẹsára èéyí wò. Káàdì tí ìyá ọmọ Ẹ̀mùrẹ́ ń gbé dání lọ gba abẹ́rẹ́ lónìí, ìran tiẹ̀ ni.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn àpáta Ìkẹ́rẹ́, irú Olósùnta, tó nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún? Inú wọn ni hóró kékeré kan wà tí uranium wà nínú rẹ̀. Uranium yìí ń di òjé díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n ìyára rẹ̀ kì í yẹ̀. Ẹni tó bá wọn méjèèjì ti mọ ọjọ́ orí òkúta. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le láàárín àwa onígbàgbọ́, n kò sì ní díbọ́n pé kò le. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ka òkúta tí Ọlọ́run dá láìpurọ́ kò ṣẹ̀ sí Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé o lè kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì nílé? Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tó bẹ̀rẹ̀ n'Ìkẹ́rẹ́ ní 1977 ti di yunifásítì láti 2020, sáyẹ́ǹsì sì wà nínú orúkọ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé mọ́ǹkì (monk) ló ṣàlàyé ìdí tí pásítọ̀ fi ń béèrè genotype lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó? Gregor Mendel gbin ẹ̀wà pea lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún sínú ọgbà ilé àwọn mọ́ǹkì ní Brno. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1866, ayé kò kà á sí. Ó kú ní 1884, ọdún 1900 ni wọ́n tó gbà pé òótọ́ ló sọ. Ọmọ ń gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá, ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde. Kì í ṣe pé ọmọ kẹrin ló máa kàn o. Mẹ́ta lè yè kooro, mẹ́ta sì lè jẹ́ SS tẹ̀léra. Bíi mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló ní AS. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn baba wa kọ lára tí wọ́n pè ní àbíkú jẹ́ ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde.

Mo mọ ìdílé tí wọ́n fowó yí èsì. AS di AA lórí ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì so wọ́n pọ̀, ọmọ dé, igbe òru dé. Ìdí nìyí tí mo fi ń wá ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí yóò jókòó sí láàbù ìlú wa, tí yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò sì kọ ohun tó rí, bí ìyàwó ojú ọ̀nà tilẹ̀ ń sunkún níwájú rẹ̀.