Ọ̀ṣọ́ Kérésì tí ọmọ ò fọwọ́ kàn, ti ta ni?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Kò tíì kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, tí mi ò ní dárúkọ, ní kí àwọn ọmọ mú ọ̀ṣọ́ Kérésì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe wá sí kíláàsì. Ọmọ ọdún 7 ni tiwa. Ó gé ìràwọ̀ láti ara páálí Indomie, ó fi bírò pupa kùn ún títí bírò fi gbẹ, ó lu ihò sí i, ó fi òwú so ó. Ìràwọ̀ yẹn ní ẹnu 6. Ọ̀kan nínú wọn gùn ju àwọn márùn-ún yòókù lọ bí ìka tó ń tọ́ka sí èèyàn.

Tíṣà gbà á, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn èyí tí wọ́n wá gbé kọ́ sára ògiri ni àwọn tó ń dán, tí àwọn òbí yòókù lọ rà lọ́jà. Nígbà tí ọmọ délé, ó ní: "Mọ́mì, ẹ bá mi ra èyí tí wọ́n ń rà."

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Lọ́yà, ṣé a ò lè pè wọ́n lẹ́jọ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Adájọ́ wo ló fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ìràwọ̀ páálí? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa fóònù, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 ní abala kan, abala 12, tí àwa agbẹjọ́rò kì í sábà ṣí. Ó ní ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi àti eré tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa nínú iṣẹ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà. Kópa ni wọ́n wí o, wọn ò ní kí ó dúró máa wò. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gba ilé ẹjọ́ lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí a bá gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ọmọ, tí a lọ ra èyí tó rẹwà wá, ohun tirẹ̀ la gbà, kódà bí a bá rò pé a ràn án lọ́wọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún bíi tèmi, tí ẹ dàgbà sápá ọ̀dọ̀ wa, ẹ ó rántí ulé Kérésì. Bí ilé-ìwé bá ti ti, àwọn ọmọkùnrin á lọ wá ọparun mẹ́rin, wọn á rì í mọ́lẹ̀ sí iwájú ilé, wọn á wá fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ògiri àti òrùlé. Iṣẹ́ bébà ni tàwa obìnrin. Ìwé kíláàsì tó ti kún àti kàlẹ́ńdà ọdún tó ń lọ la máa ń gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a ó lẹ̀ ẹ́ ní òrùka, a ó ki òrùka kan bọ inú èkejì títí yóò fi di ẹ̀wọ̀n gígùn. Sítáàṣì tí wọ́n fi ń ro aṣọ ni gúlúù wa. Àwọn ẹ̀gbọ́n á fi ìṣó lu agolo mílíìkì káàkiri, wọ́n á tan àbẹ́là sínú rẹ̀, iná á máa yọ lára ihò wẹ́wẹ́. Àdúgbò kan á máa lọ yọjú wo ti àdúgbò kejì. A máa ń jà sí i, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Kò sẹ́ni tó ra nǹkan kan nínú rẹ̀. Lónìí, ìlú Yiwu ní ilẹ̀ Ṣáínà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀ṣọ́ Kérésì tí gbogbo ayé ń lò ti ń wá, tó fi mọ́ èyí tó wà lọ́jà tiwa. Mi ò bá oníṣòwò jà, ọjà ni wọ́n ń tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà ni mò ń bá wí, torí bí Janúárì bá dé, ẹ ó tú u, ẹ ó dà á sí ààtàn, Kérésì tó ń bọ̀ ẹ ó tún lọ rà.

Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ibí yìí gan-an ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ìsẹ̀-Èkìtì ò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́ rárá, Èmùré sì wà nítòsí. Ìsẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ gbé, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó wá di èèyàn Arínjalẹ̀ láàfin. Òun ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti òpó ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Ìlẹ̀kùn yẹn lọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924 fún ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Nígbà tí àwọn British Museum rí i, wọn ò fẹ́ kó padà wálé mọ́. Ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ìlú ọba ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Títí dòní ìlẹ̀kùn wà lọ́dọ̀ wọn, ọ̀kan nínú àwọn òpó náà sì wà ní Chicago. Ẹ wá wo àwa ọmọ ibẹ̀, a ń ra ìràwọ̀ oníke.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Èkìtì ti ní ọ̀ṣọ́ Kérésì tirẹ̀ rí, èyí tí kò sí irú rẹ̀ ní Yiwu. Bí ẹ bá gba Adó kọjá, tí ẹ kọrí sí àríwá, ẹ ó dé Ọ̀yẹ́. Lọ́dún 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀, Fadá Kevin Carroll sì ni orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn jù. Wọn ò ní kí àwọn agbẹ́gilére wá ṣe àwòkọ ère Yúróòpù. George Bandele, ọmọ Aréògún ti Ọ̀sì, wà níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ náà dé ibẹ̀, Mùsùlùmí ni. Nínú ère ìbí Jésù tó ti ibẹ̀ jáde, àwọn amòye mẹ́ta láti ìlà-oòrùn di ọba Yorùbá tó dé adé, tó wọ agbádá. Ọdún 1954 ni wọ́n ti ibẹ̀ pa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò parẹ́.

Èyí ló wà lọ́kàn mi tí mo fi wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹ́rẹ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé a máa kọ́ ulé Kérésì pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọmọ márùn-ún ló pé jọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí a tó gbé imọ̀ àkọ́kọ́ dúró, ìyá kan ládùúgbò dúró lójú ọ̀nà, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, màrìwò lẹ fẹ́ gbé wọ ilé onígbàgbọ́? Ti Ògún nìyẹn o."

Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹ̀rù yẹn ló lé ulé Kérésì kúrò ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, owó nìkan kọ́. Òótọ́ ni pé màrìwò ni aṣọ Ògún. Ìkẹ́rẹ́ sì ni a wà, níbi tí òkè Ọlọ́sùnta ti ń wo gbogbo wa lókè, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi màrìwò sàmì sí. Ṣùgbọ́n ṣe ẹ rí i, màrìwò ni ewé ọ̀pẹ tuntun tí kò tíì là. Imọ̀ tó ti gbó la fi ń kọ́lé ọmọdé. Imọ̀ ọ̀pẹ yìí kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé ká ìlú ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Igi Kérésì tí ìyá náà fúnra rẹ̀ gbé sí pálọ̀ ńkọ́? Àwọn ará Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwòrán Ọbabìnrin Fikitóríà àti ọkọ rẹ̀ tí ìwé ìròyìn kan gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1848 ló jẹ́ kó gbajúmọ̀ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Gbogbo èyí ni mo fẹ́ sọ. Ìyá wa àgbà kò jẹ́ kí n la ẹnu. Orí àga wọn ni wọ́n wà tí wọ́n ti dáhùn: "Ìyá Sàmú, epo tí ẹ fi se ọbẹ̀ àná, ara igi wo ló ti wá?" Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Àgbà ló ń di àdá mú, ọmọ ló ń di sísọ́ọ̀sì mú, òfin tí mo fi lélẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n bébà àkọ́kọ́ já torí sítáàṣì wa ṣàn jù. A tún un sè, ó ki. Èèpo kòkó gbígbẹ kún ẹ̀yìnkùlé torí àsìkò ìkórè ni, a lu ihò sí i, a so ó rọ̀ bí agogo. Èyí tó kéré jù nínú wọn fi ìdérí ìgò mínírà ṣe nǹkan kan tó pè ní áńgẹ́lì. Mi ò rí áńgẹ́lì níbẹ̀, àmọ́ mo dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní fúláàtì l'Ékòó, ẹ má sọ pé kò sí ọ̀pẹ lọ́dọ̀ yín. Ẹ lọ bá télọ̀ yín, yóò fún yín ní àjákù ańkárá lọ́fẹ̀ẹ́. Igi sùyà tí ẹ ń jù nù, bí ẹ bá fọ̀ ọ́, tí ẹ so mẹ́ta pọ̀, ìràwọ̀ ni.

Ohun kan tí mi ò gbà ni àbẹ́là. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, imọ̀ tó bá gbẹ lọ́jọ́ méjì kò yàtọ̀ sí bẹntiróòlù. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, mo rí ulé Kérésì kan tó jóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Ọlọ́run ló yọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì kékeré oníbátìrì la kì sínú agolo. Kò lẹ́wà tó ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Níkẹyìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé lọ mú ìràwọ̀ ẹlẹ́nu 6 yẹn jáde, èyí tí tíṣà dá padà. Ó ní òun fẹ́ kó wà lókè pátápátá. Mo wo ẹnu tó gùn yẹn, ọwọ́ mi ti wà lórí sísọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ rẹ́ ẹ díẹ̀, kó lè dọ́gba. Ó gbá mi lọ́wọ́.

"Àǹtí, tèmi ni."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Kérésì, ewúrẹ́ ti jẹ ògiri apá ọ̀tún tán kí a tó jí. Àwọn ọmọ ò sunkún, imọ̀ míì ni wọ́n lọ wá. Mo ti padà s'Ékòó kí n tó gbọ́ pé wọ́n ti tú gbogbo rẹ̀, pé ìràwọ̀ náà nìkan ló kù, ó ti wà lára ilẹ̀kùn pálọ̀ ìyá àgbà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́.