Ògiri Amọ̀ ní Pákò, Ìmọ́lẹ̀ Ìrọ̀lẹ́ ní Òkè Akólú

Aago méje àárọ̀ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Pákò, ní Igbó-Ọrà. Ọyẹ́ mú. Èéfín iná igi ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀, òórùn pákí tí wọ́n rẹ sómi bá a rìn, àwọn àkùkọ sì ń dá ara wọn lóhùn láti agboolé dé agboolé. Onífọ́tò tí mo wá bá ti dúró dè mí. Báàgì kan ló gbé kọ́ èjìká: kámẹ́rà kan, lẹ́ǹsì méjì, okùn, àdìrẹ kan, àti páálí funfun kan tó ṣẹ́ po sí méjì. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Kò ní iná sítúdíò.

Táyé ni módẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Kẹ́hìndé, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n, gbé aṣọ àti bàtà dání.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yára," onífọ́tò sọ fún mi. "Ìmọ́lẹ̀ yìí kò ní pẹ́ lọ."

Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò yára nígbà tí a dé ilé tó wù ú. Ilé amọ̀ ni, ọ̀dà búlúù àtijọ́ ti ń ṣí kúrò lára ògiri, amọ̀ pupa ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Bàbá kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rin orín. Kámẹ́rà kò tíì jáde nínú báàgì tí onífọ́tò fi dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú ọyẹ́."

"Kú àárọ̀. Ọmọ ta ni ọ́?"

Ó dárúkọ baba rẹ̀, ó dárúkọ baba ńlá rẹ̀, ó dárúkọ agboolé wọn ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó. Bàbá béèrè ìyá rẹ̀. Ó béèrè oko. Oòrùn ń gòkè. Èmi ni ara mi kò balẹ̀. Onífọ́tò wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí Bàbá fi ní kó dìde.

"Kí lẹ fẹ́ fi ilé àtijọ́ ṣe? Ọmọ mi fẹ́ wó o, kó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn."

"Ìdí tí mo fi tètè wá nìyẹn, Bàbá."

Bàbá gbà, àmọ́ ó ní a kò gbọdọ̀ kọjú kámẹ́rà sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí ojúbọ wà níbẹ̀. A kò kọjú rẹ̀ síbẹ̀.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti bo oòrùn bí ẹni fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ìmọ́lẹ̀, nítorí náà òjìji kò le, ojú Táyé sì ń dán láìgbóná. Onífọ́tò mú un dúró sí ẹnu ọ̀nà gan-an, níbi tí òkùnkùn inú ilé ti pàdé ìmọ́lẹ̀ ìta. Kẹ́hìndé gbé páálí funfun sí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ láti ta ìmọ́lẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n. Ilẹ̀ pupa náà ń ta tirẹ̀. Àwọ̀ ara ọmọ náà pọ́n díẹ̀ bí epo tuntun.

Lẹ́yìn èyí ó so àdìrẹ mọ́ okùn ní àgbàlá. Mo rántí Seydou Keïta ní Bamako, tó ṣí sítúdíò tirẹ̀ ní 1948: àgbàlá ló ti ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn, oòrùn ni iná rẹ̀, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ta sẹ́yìn wọn.

Ìyá arúgbó tó ń gbálẹ̀ dá ọwọ́ ìgbálẹ̀ dúró. "Ẹ ya àwọn méjèèjì pọ̀. Ṣé ẹnì kan ń ya ìdajì ìbejì ni?"

Wọ́n dúró pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá náà kì í ṣe eré. Nínú ìwádìí tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1978 lórí àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣàlàyé ohun tó rí ní Ìlá-Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò a ya èyí tó kù, a tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí àwọn méjèèjì lè jọ jókòó.

Ní ibi ìyangàrí, ẹ̀rọ ìlọpákí ń han, èéfín ta wá lójú, ooru agbada sì lé wa sẹ́yìn. Obìnrin kan na igbá rẹ̀ sí wa.

"Ẹ má fi ojú mi sí i. Ẹ̀yin ẹ máa gbowó, èmi máa gba èéfín."

Onífọ́tò tọrọ gáfárà. A kúrò níbẹ̀.

Ní ọ̀sán, oòrùn dúró sí àtàrí, òjìji kó sínú kòtò ojú gbogbo ènìyàn. Kò sí fọ́tò. A jẹ àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa, ọbẹ̀ tí àwọn ará Igbó-Ọrà ń sọ pé òun ló ń fún wọn ní ìbejì. Lórí oúnjẹ ni onífọ́tò ti mẹ́nu ba Bénédicte Kurzen àti Sanne De Wilde, àwọn obìnrin méjì tó ya ìbejì ìlú yìí, tí iṣẹ́ wọn sì gba ẹ̀bùn World Press Photo ní 2019.

"Àwọn náà kò gbé ògiri wá láti òkè òkun," ó ní. "Ògiri wa ni wọ́n lò."

Lẹ́yìn oúnjẹ a wọ ọkọ̀, ìrọ̀lẹ́ sì bá wa ní Èrúwà. Àpáta Òkè Akólú ṣì gbóná lábẹ́ bàtà, koríko gbígbẹ ń gún wa lẹ́sẹ̀, atẹ́gùn sì ń gbé òórùn igbó jíjó wá. Kò sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ. Kẹ́hìndé ta ìró yí àbúrò rẹ̀ ká, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì ń wo àwọn ọmọdé tó tẹ̀lé wa títí wọ́n fi yíjú. Táyé jáde nínú aṣọ òkè Ìsẹ́yìn. Nísàlẹ̀, àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ títí dé ibi tí eruku ti gbé wọn mì.

Oòrùn ilẹ̀ wa kì í lọ́ra wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ pupa náà kò tó ogún ìṣẹ́jú. Onífọ́tò kò sọ̀rọ̀ rárá. Kìkì ìró kámẹ́rà ni.

A fi iná fóònù sọ̀ kalẹ̀. Nínú ọkọ̀, ó béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá ilé ìtẹ̀fọ́tò kan ṣì ṣí ní Igbó-Ọrà. Ó fẹ́ tẹ ẹyọ kan: Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú ògiri búlúù lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ṣèlérí pé òun máa gbé e wá kí búlọ́ọ̀kù tó dé.