Ẹnu Ihò Ẹrù àti Ọmọrí Rẹ̀

Bí ẹnu ihò ẹrù ọkọ̀ òkun bá ti fẹ̀ tó ni ẹrù ṣe ń rọrùn láti kó wọlé tó. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni agbára ara ọkọ̀ ń dín kù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi irin nípọn ṣe ètè yí ẹnu náà ká, bí ètè ìkòkò. Orí ètè yìí ni ọmọrí irin ń jókòó lé, pẹ̀lú rọ́bà láàárín. Dídí omi ni iṣẹ́ rọ́bà. Ọmọrí ni ìgbì ń já lé.

Ní 1980, ìjì líle bá Derbyshire, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kó òkúta irin, nítòsí Okinawa ní Jàpáánì. Omi gba ojú ihò atẹ́gùn wọ iwájú ọkọ̀. Iwájú tẹ̀ wálẹ̀. Ìgbì fọ́ ọmọrí àkọ́kọ́, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ènìyàn 44 ni ó bá a lọ. Ìwádìí tí ó parí ní 2000 fi hàn pé ọmọrí tí òfin ìgbà náà béèrè fún kò lágbára tó.